Òkété Atúnléṣe àti Òpó Ayán Ìyá Ẹtu

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ra. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ má sùn lọ. Àlọ́ mi kò balẹ̀ sórí ọba, kò balẹ̀ sórí olówó. Ó fò, ó fò, ó bà lé Òkété, ẹni tí í tún ilé onílé ṣe. Kì í ṣe àlọ́ ẹ̀rín. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó yáa rín in nísinsìnyí.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ẹranko ṣì ń kọ́lé bí èèyàn, Òkété ń gbé ní ìlú kan lẹ́bàá odò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún ilé ṣe. Bí òrùlé bá ń jò, Òkété ni wọ́n ń pè. Bí ògiri bá lanu, Òkété ni. Ilẹ̀kùn tí kò ṣe é tì mọ́, àkàsọ̀ tó ṣẹ́, ilẹ̀ ilé tó di kòtò, òun náà ni. Yóò po amọ̀, yóò tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kúnná bí iyán. Tó bá rẹ́ ògiri tán, ẹ ò ní mọ ibi tó ti là tẹ́lẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ dára. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí ná, nítorí òótọ́ ni. Ọwọ́ Òkété dára púpọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ kú níbi tó ti ń bí ọmọ wọn obìnrin. Moróunkẹ́ lorúkọ ọmọ náà. Ọkùnrin kan ṣoṣo àti ọmọ ọwọ́: kò mọ bí wọ́n ti ń pọn ọmọ, kò mọ bí wọ́n ti ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ìyá Ẹtu ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Opó ni Ìyá Ẹtu, kò bímọ rí. Ó pọn Moróunkẹ́, ó wẹ̀ ẹ́, ó fún un lẹ́kọ mu, títí ó fi rìn, títí ó fi tó ọmọ tí í pọn omi wálé. Moróunkẹ́ ń pè é ní Ìyá. Òkété náà ń pè é ní Ìyá.

Ilé Ìyá Ẹtu kò tóbi. Òpó mẹ́rin ló gbé òrùlé rẹ̀ ró, igi ayán ni gbogbo wọn. Ìkán kì í jẹ ayán. Omi kì í pa á. Ọkọ rẹ̀ ló wọ igbó lọ gé wọn, tó fi orí rù wọ́n wálé lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó kú. Láàárọ̀, kí Ìyá Ẹtu tó mú ìgbálẹ̀, yóò fọwọ́ kan òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, bí ẹni ń kí ará ilé.

Ẹ wá wo ohun tó wọ inú Òkété.

Ó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó ti rẹ̀ ẹ́, amọ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lápá. Ó dé iwájú ahéré tirẹ̀, ó dúró, ó wò ó. Ó ní, "Gbogbo ilé tó wà lóòró nílùú yìí, ọwọ́ mi ló mú un dúró. Èmi wá ń bẹ̀rẹ̀ kí n tó lè wọ tèmi." Ó ní òun yóò kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì sórí òkè, kí Moróunkẹ́ lè máa wo odò láti ojú fèrèsé.

Èrò yẹn kò burú. Ta ni kò fẹ́ ilé rere fún ọmọ rẹ̀? Ṣùgbọ́n igi tó le ní í gbé pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Igbó ayán sì jìnnà. Àáké ní í gé e, èjìká ní í rù ú. Òkété ronú títí. Ojú rẹ̀ kúrò lọ́nà igbó, ó bọ́ sórí ilé àwọn aládùúgbò.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Ìyá Ẹtu ránṣẹ́ pè é.

"Ọmọ mi," ó ní, "òrùlé mi ń jò lápá ibi ààrò. Bá mi wò ó kí òjò ọdún yìí tó dé."

Òkété dé. Ó gun òrùlé, ó dí ibi tó ń jò. Kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, tí Ìyá Ẹtu wọ yàrá lọ láti wá nǹkan tí Òkété yóò fi tu ọ̀fun, Òkété bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí ìdí òpó. Ó yọ ìyẹ̀fun igi kan nínú àpò rẹ̀, igi jíjẹrà tí ìkán ti lọ̀ kúnná, ó dà á sílẹ̀ níbẹ̀. Ó wá pe obìnrin náà.

"Ìyá, ẹ wá wo nǹkan. Ìkán ti wọ òpó yín."

"Ìkán? Nínú ayán?"

"Ayán ayé àtijọ́ ni ìkán kì í jẹ, Ìyá. Ìkán òde òní kò mọ àgbà."

Ìyá Ẹtu tẹjú mọ́ ìyẹ̀fun náà. Ó fọwọ́ kan òpó náà.

"Ọkọ mi ló gé wọn."

"Mo mọ̀. Òun ni kò jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, tí ilé wá wó lù yín, ẹnu wo ni màá fi sọ fún Moróunkẹ́?"

Obìnrin náà padà sínú yàrá. Òkété ń gbọ́ ẹkún rẹ̀, ẹkún tí kò fẹ́ kí àlejò gbọ́. Nígbà tó jáde, ó ti nu ojú rẹ̀.

"Yọ wọ́n," ó ní. "Ìwọ ni mo mọ̀. Ohun tó bá yẹ ni kó o ṣe. Bí o bá ti yọ wọ́n, bá mi gé díẹ̀ lára ọ̀kan, kí n mú un pamọ́ sínú àpótí."

"Ìkán á ràn mọ́ aṣọ yín, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí n kó gbogbo rẹ̀ lọ sun."

Kò sun wọ́n. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sun wọ́n. Ó rù wọ́n lọ sórí òkè, ó fi koríko bò wọ́n.

Kí ló fi rọ́pò wọn? Igi ìbẹ́pẹ. Gbogbo yín lẹ mọ igi ìbẹ́pẹ. Inú rẹ̀ ṣófo. Ọmọdé lè fi ọ̀bẹ ìdáná gé e lulẹ̀. Òkété gé e, ó bó o, ó rì í mọ́lẹ̀, ó fi amọ̀ wé e láti òkè délẹ̀. Nígbà tó gbẹ, ó fi aró ẹ̀lú kùn ún, ó fi òkúta odò dán an. Òpó náà ń kọ yẹ̀rì. Kò sí òpó tó lẹ́wà tó o nílùú. Ìyá Ẹtu fún un ní iṣu tó tóbi jù nínú àká, ó gbé epo lé e. Ó ní, "Ọwọ́ rẹ ò ní rọ, ọmọ mi." Òkété ní àṣẹ.

Bó ti ṣe fún Ọ̀yà nìyẹn. Bó ti ṣe fún Òbúkọ nìyẹn. Ibi tí Òkété bá ti rí igi tó le, ibẹ̀ ni ìkán ti ń wọ. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, ilẹ̀ gbẹ, afẹ́fẹ́ gbẹ, kò sí ohun tó dán ìbẹ́pẹ wò. Lórí òkè, pẹ́tẹ́ẹ̀sì ń ga sí i.

Moróunkẹ́ bi í léèrè lọ́jọ́ kan. "Bàbá, níbo lẹ ti ń rí igi tó dára báyìí?"

"Nínú igbó ọ̀nà jíjìn ni."

"Ẹ kì í pẹ́ lọ́nà."

"Ẹsẹ̀ mi ló yá."

Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ kì í bi baba rẹ̀ ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Àkókó ló kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ̀yin mọ ẹyẹ náà, tí í fi ẹnu sọ igi. Ó bà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá Ẹtu, ó fi ẹnu kan òpó, ó dáwọ́ dúró. Ó tún kàn án.

"Ìyá," ó ní, "òpó yín yìí ń dún bí agbè tí kò sí omi nínú rẹ̀. Mo ti sọ ayán rí. Kì í dún báyìí."

Ìyá Ẹtu kò fi pamọ́ fún Òkété. Ó pè é, ó sọ ohun tí Àkókó wí fún un. Òkété rẹ́rìn-ín.

"Àkókó? Ìyá, ẹni tí í dá ihò sára igi kiri. Bí ẹ bá gbà á láàyè lára òpó yín, òun gan-an ni yóò bà á jẹ́. Ṣé mo ti tún nǹkan ṣe fún yín rí, kó wá bàjẹ́?"

"Rárá o, ọmọ mi. Mo kàn ní kí n sọ fún ọ ni."

Ìyá Ẹtu yí padà sí Àkókó tó ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Má bínú, wá ibòmíràn bà sí." Àkókó fò lọ.

Nígbà tí Ìyá Ẹtu wọlé tán, Òkété dúró ti òpó náà. Ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó rí i pé ó jìn díẹ̀ lábẹ́ àtàǹpàkò òun. Ẹ gbọ́ o, èmi tí mò ń pàlọ́ yìí, n kò ní sọ pé Òkété kò ní àánú. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé, "Bí mo bá ti bo òrùlé mi tán, màá gé igi gidi wá fún Ìyá. Kí àkọ́rọ̀ òjò tó rọ̀, màá ti pààrọ̀ rẹ̀." Ó pinnu rẹ̀ tọkàntọkàn. Ó wá gun òkè lọ bo òrùlé tirẹ̀.

Òjò kò dúró dè é.

Ọjọ́ tó bo òrùlé tán, inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí gbogbo ìlú wá bá òun ṣí ilé lọ́jọ́ kejì. Ó pe Moróunkẹ́.

"Lọ bá Ìyá Ẹtu, kó di irun rẹ dáadáa. Mo fẹ́ kí ìlú rí ọ."

Ẹnu rẹ̀ ló fi rán ọmọ rẹ̀ níṣẹ́ yẹn. Moróunkẹ́ mú ìyarun, ó lọ.

Ní ọ̀sán, ojú ọ̀run ṣú. Afẹ́fẹ́ gbé koríko, ó gbé ewé, òjò sì dà wá wììì. Òkété wà lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì rẹ̀. Ó fọwọ́ kan àjà, ó fọwọ́ kan ògiri. Ẹ̀kán omi kan kò wọlé. Ó lọ sójú fèrèsé láti wo odò. Odò kọ́ ló rí. Òrùlé Ìyá Ẹtu ló rí, ó ń tẹ̀ lápá kan, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí oorun ń gbé lọ.

Ó fò sílẹ̀. Ó sáré.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mọ ẹtu. Nínú igbó, ẹsẹ̀ mélòó ló lè bá tirẹ̀ dọ́gba? Nígbà tí òpó àkọ́kọ́ dún, ìta ni Ìyá Ẹtu wà. Ó ń gbé igbá sí abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ láti gba omi òjò. Òde gbalasa ló dúró sí. Ó gbọ́ ìró náà. Ó padà wọlé.

Ìbídùn, ọmọ tó jókòó níwájú mi yìí, ń bi mí pé kí ló dé tí kò sá. Dúró, Ìbídùn. Màá sọ fún ọ.

Nígbà tí Òkété dé, òkìtì amọ̀ àti koríko tútù ló bá. Ọ̀yà ti wà níbẹ̀, Òbúkọ ti wà níbẹ̀, wọ́n ń fa koríko, kò ràn wọ́n. Òkété tì wọ́n sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó lè walẹ̀ bí òkété. Ó ń fi èékánná hú amọ̀, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é, ṣùgbọ́n ẹ gbè é jẹ́jẹ́. Kì í ṣe orin ijó.

Moróunkẹ́, ọmọ mi,
*Dáhùn, dáhùn.*
Amọ̀ ni mò ń hú, ọmọ mi,
*Dáhùn, dáhùn.*
Bó o bá gbọ́ mi, kan nǹkan,
*Dáhùn, dáhùn.*
Ọwọ́ tó kọ́ ọ ló ń tú u,
*Dáhùn, dáhùn.*

Ó gbọ́ ohùn kan nísàlẹ̀, ohùn tó kéré bí ti èèrà. "Bàbá."

Ó túbọ̀ walẹ̀. Ẹsẹ̀ tínínrín kan ló kọ́kọ́ kàn, ó tutù. Ìyá Ẹtu dojú bolẹ̀, ó na apá méjèèjì, igi òrùlé wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n gbé e kúrò. Abẹ́ rẹ̀ ni Moróunkẹ́ wà. Apá kan irun rẹ̀ ni wọ́n ti dì, ìyókù wà ní títú. Ó ń mí. Ìyá Ẹtu kò mí mọ́.

Baálẹ̀ ìlú náà, Ẹfọ̀n, dé nínú òjò. Ó wo òkú. Ó wo igi tó ṣẹ́ sí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí òjò ti ṣí amọ̀ kúrò lára rẹ̀. Ó funfun, omi ń jáde nínú rẹ̀. Baálẹ̀ fi pátákò tẹ̀ ẹ́, ó rún.

"Kí lèyí?"

Ó yíjú sí Òkété.

"Òkété, ìwọ ni mò ń bi."

"Ìbẹ́pẹ ni, Baálẹ̀."

"Ta ló fi ìbẹ́pẹ gbé ilé ró?"

"Èmi ni."

"Òpó ayán tí ọkọ obìnrin yìí gé dà?"

Òkété na ọwọ́ sórí òkè. Gbogbo wọn yíjú wo pẹ́tẹ́ẹ̀sì tó dúró gangan nínú òjò.

Moróunkẹ́ ló sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀, ó gbé orí Ìyá Ẹtu lé itan.

"Bàbá, nígbà tí ilé dún, ẹ̀rù bà mí, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi. Mo pe Ìyá. Ó wọlé tọ̀ mí wá. Ó ní kí n má bẹ̀rù. Ó ní, 'Bàbá rẹ ló tún ilé yìí ṣe, kò lè wó lu ọmọ rẹ̀.' Bó ti ń sọ ọ́ ló ń da ara rẹ̀ bò mí. N kò mọ̀ bóyá òun gbà á gbọ́. Èmi gbà á gbọ́."

Òkété wólẹ̀ síbẹ̀. Òjò ń rọ̀ lé e lórí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, olúkúlùkù lọ sílé rẹ̀, ó fi ọwọ́ ha òpó rẹ̀. Ọ̀yà ha tirẹ̀, ó rí ìbẹ́pẹ. Òbúkọ ha tirẹ̀, ó rí ìbẹ́pẹ. Wọ́n kó ọmọ wọn jáde. Abẹ́ igi ni wọ́n sùn, òjò ń pa wọ́n, ilé tí wọ́n ń bẹ̀rù wà níwájú wọn.

Ìlú kò lu Òkété. Ìbá sàn fún un ká ní wọ́n lù ú. Baálẹ̀ kàn ní kó dá ohun olóhun padà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tú pẹ́tẹ́ẹ̀sì náà palẹ̀, kò sí ẹni tó bá a di apá kan igi mú. Ó ń ru òpó lọ sí ojúlé kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀. Onílé á gbé e wọlé, á ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó ní kí òun bá Ọ̀yà rì í mọ́lẹ̀, Ọ̀yà ní, "A dúpẹ́, a ó wá ẹlòmíràn." Wọ́n gba igi. Wọn ò gba ọwọ́.

Ó wá ku òpó mẹ́rin tí kò nílé tó lè lọ. Moróunkẹ́ ní kí wọ́n rì wọ́n sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sàréè Ìyá Ẹtu, kí wọ́n fi koríko bò ó lókè, kí òjò má pa á. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Àkókó wá bà sí ọ̀kan, ó kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó sì fò lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Moróunkẹ́ di ẹrù rẹ̀. Ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá tó bí òun lódìkejì odò.

Òkété ní, "Nítorí rẹ ni mo ṣe ṣe é."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n lè dúró."

"Ta ni yóò máa pè mí ní Bàbá?"

Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí i, bí ọmọ ti í kí baba rẹ̀. Ó dìde, ó gbé ẹrù rẹ̀ lórí. Òkété wò ó títí ó fi kọjá odò. Moróunkẹ́ kò bojú wẹ̀yìn.

Ọjọ́ náà ni Òkété gbẹ́ ihò, tó wọ inú rẹ̀. Kò sí òpó níbẹ̀, kò sí òrùlé. Títí di òní, inú ihò ló wà, kì í jáde àfi tí ilẹ̀ bá ṣú, kí ojú má baà rí i. Àwọn àgbà máa ń pa á lówe pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òkété tí mò ń sọ yìí dàgbà. Ó di arúgbó, eyín rẹ̀ ká. Kò rí ọmú mu.

Ìdí àlọ́ mi rèé. Ẹni tí wọ́n bá fi ilé lé lọ́wọ́ láti tún ṣe, ẹ̀mí ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Ẹni tó bá fi ohun tó ṣófo gbé ilé ọmọnìkejì rẹ̀ ró, kó rántí pé òun kò mọ ẹni tí yóò wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí yóò wó. Bí ẹ bá sì ti mọ̀ pé ẹ ṣe àṣìṣe, ẹ má ní kó dọ̀la kẹ́ ẹ tó tún un ṣe.

Bí mo ti gbà á lẹ́nu ìyá mi ni mo ṣe sọ ọ́. Mo ti gbé àlọ́ mi kalẹ̀, ó wúwo lórí mi lálẹ́ òní. Ẹ bá mi gbà á.